Àpò Dúdú Mẹ́rin Tí Ṣàkírátù Rán fún Àwọn Ará Oǹdó

Ọjọ́ Ajé kan ní oṣù kejì ọdún 2009 ni Alàgbà Oyèlékè onífọ́tò wọ ṣọ́ọ̀bù Ṣàkírátù lẹ́bàá Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ó fa àga, ó jókòó. Yunifọ́ọ̀mù ọmọléèwé ni Ṣàkírátù ń rán lọ́wọ́. Ó kí i, ó ní kí ó jọ̀ọ́ fún òun ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí òun fi rán apá kan tó kù. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó rí i pé ojú ọkùnrin náà kò dára, ó sì bi í léèrè ohun tó dé. Oyèlékè ní Dókítà Leah pe òun láti Oǹdó ní òwúrọ̀ yẹn. Ó ní àwọn àpò dúdú tí Ṣàkírátù rán fún wọn ń jo.

"Kí ló ń jo?"

"Ìmọ́lẹ̀ ni. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ń gba ojú rírán rẹ wọlé."

Ṣàkírátù sọ fún mi pé ńṣe ni ẹsẹ̀ òun kú sórí pẹ́dàlì ẹ̀rọ. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn ń wo Oyèlékè ni, bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé orúkọ tó ń jẹ́ láti kékeré kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí Ṣàkírátù ti wá ta àlùbọ́sà ní Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí. Ó kọ́ iṣẹ́ aránṣọ, ó sì fẹ́ onífọ́tò kan tó ń jẹ́ Àdìsá, tí ilé fọ́tò rẹ̀ wà ní Arakale. Láyé ìgbà náà, nínú yàrá tó ṣókùnkùn birimù ni wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Bí ìmọ́lẹ̀ tó kéré jù lọ bá kan fíìmù, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣàkírátù ló rán kọ́tìnnì dúdú àkọ́kọ́ tí ọkọ rẹ̀ ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá náà, gbogbo fọ́tò tí Àdìsá fọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ló sì funfun bí ìkùukùu. Àdìsá kò bá a jà. Ó mú un wọ inú yàrá náà lọ́sàn-án, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní kí ó dúró títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́ òkùnkùn lára. Nígbà tó yá, Ṣàkírátù rí i: gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ ti gún aṣọ náà ni ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ, wínníwínní, bí ìràwọ̀.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti wá ọgbọ́n tirẹ̀. Ó máa ń fi òwú ra àbẹ́là kí ó tó rán an, kí àbẹ́là náà lè dí ihò abẹ́rẹ́. Ó máa ń ká etí aṣọ po lẹ́ẹ̀mejì. Ìlọ́po méjì ni ó ń rán aṣọ náà, àrán nínú, aṣọ tó ki lóde, kì í sì í jẹ́ kí ojú rírán ti inú bá ti òde ṣe déédéé. Bí ó bá rán an tán, á ti orí bọ inú rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Bí ó bá rí ìràwọ̀ kan ṣoṣo, á tú u. Òkìkí rẹ̀ kàn. Àwọn onífọ́tò ń ti Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ wá, títí dé Òkìtìpupa. Kò sí ẹni tó dá iṣẹ́ padà fún un rí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà tí kò lo fíìmù dé, yàrá òkùnkùn parẹ́, Àdìsá pàápàá sì kú ní ọdún 2001. Ṣàkírátù padà sídìí yunifọ́ọ̀mù.

Nígbà tí Dókítà Leah, obìnrin ará Oǹdó tó ń kọ́ni ní físíìsì nílé ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè rán àpò tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, Oyèlékè, ọ̀rẹ́ Àdìsá, ló mú un wá bá Ṣàkírátù. Àpò mẹ́rin ni ó fẹ́. Ṣàkírátù bi í léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi sínú wọn. Leah ní ohun tó ń ka nǹkan tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run ni. Ṣàkírátù rò pé òjò ló ń wí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi rán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì ti orí bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ tó ti rò pé ó bá ọkọ òun wọlẹ̀ tún ní ẹni tó ń fẹ́ ẹ.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tí Oyèlékè gbé wá fi dùn ún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ṣàkírátù di aṣọ dúdú, òwú, abẹ́rẹ́ àti àbẹ́là sínú báàgì. Àṣàbí ọmọ rẹ̀, tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí oyún oṣù mẹ́fà, ní kí ó pè wọ́n lórí fóònù dípò kí ó máa da ara rẹ̀ láàmú. Ṣàkírátù ní aṣọ kì í fi fóònù ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ ní gáréèjì, wọ́n gba Ọ̀wẹ̀nà kọjá, ó sọ̀ ní Oǹdó, ó sì gun ọ̀kadà dé ilé ẹ̀kọ́ náà.

Leah kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ọ̀wọ̀ náà sì tún dun Ṣàkírátù ju èébú lọ. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Akínyẹmí, ẹni tó ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ, gbé àga àti omi wá fún un. Kò wo ojú rẹ̀.

Ṣàkírátù ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn àpò náà ń ṣe fún òun, nítorí pé òun kò lè tún ohun tí kò yé òun ṣe. Leah sì ṣàlàyé. Ó ní láti ọ̀nà jínjìn lójú ọ̀run ni nǹkan kéékèèké kan ti ń sáré bọ̀. Bí ọ̀kan bá kan afẹ́fẹ́ tó wà lókè ibi tí bàálù ń fò, ó máa ń fọ́, ohun tó fọ́ náà á tún lọ fọ́ òmíràn, títí yóò fi di ọ̀wààrà tó ń rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí ilẹ̀ tó fẹ̀ tó gbogbo Ọjà Ọba. Kì í ṣe omi. Ojú kò rí i, ara kò mọ̀ ọ́n. Ògiri tàbí ilẹ̀ lè dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n irú kan wà tí wọ́n ń pè ní múọ́nù, èyí tí kì í fẹ́ẹ̀ dúró fún ohunkóhun. Iye múọ́nù tó wà nínú ọ̀wààrà kọ̀ọ̀kan ni òun ń wá, nítorí iye wọn ló ń fi irú ohun tó fọ́ lókè hàn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé àpótí méjì sórí ilẹ̀ tí wọ́n sì bo méjì mọ́lẹ̀. Èyí tó bá dé inú ilẹ̀, múọ́nù ni.

Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, pátákó ike kan wà tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, ẹsẹ̀ bàtà kan lóròó. Bí múọ́nù bá gba inú rẹ̀ kọjá, á kọ mànà, ṣùgbọ́n mànà náà kéré débi pé ojú ènìyàn kò lè rí i. Ìgò kan tó rí bí gílóòbù ló ń bá wọn rí i. Inú àpò Ṣàkírátù ni ike àti ìgò náà wà. Bí ìmọ́lẹ̀ òde bá yọ́ wọlé, ìgò náà á ka oòrùn mọ́ múọ́nù. Àpótí àkọ́kọ́ tó wà lórí ilẹ̀ ń ka nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ní ìṣẹ́jú kan. Èkejì rẹ̀ ń ka ohun tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin lọ.

Ṣàkírátù ronú díẹ̀. Ó béèrè bóyá tọ̀sán-tòru ni èkejì náà ń kà jù, tàbí lọ́sàn-án nìkan.

Leah wò ó. "Lọ́sàn-án nìkan ni. Bí oòrùn bá ti wọ̀, á bá àkọ́kọ́ dọ́gba."

"Ìmọ́lẹ̀ ni nígbà náà," ni Ṣàkírátù wí. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló dà bíi pé òun fúnra òun ló jẹ́rìí lòdì sí ara òun.

Wọ́n jáde lọ sẹ́yìn ilé, lábẹ́ páànù kan tí wọ́n na sórí òpó mẹ́rin, níbi tí àwọn àpótí náà wà. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ èyí tó ń ṣe dáadáa ná. Akínyẹmí tan sípíkà kékeré kan. Ariwo bẹ̀rẹ̀, tà, tà-tà, tà, tà-tà-tà, bí ìgbà tí òjò wẹliwẹli ń kan páànù. Ṣàkírátù wo òkè. Oòrùn ń ràn ganrínganrín. Ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó ṣẹ́ ẹ po lọ́nà mẹ́rin, ó tẹ́ ẹ lé àpótí náà. Ariwo náà kò dín. Ó gbé pákó lé e. Kò dín. Ó wá gbé ọwọ́ ara rẹ̀ lé e.

"Kò gbọ́ ti ọwọ́ yín náà, Màmá," ni Leah wí.

"Ó ń gba inú ọwọ́ mi kọjá?"

"Ó ń gbà á kọjá. Kí ẹ tó ka oókan, eéjì tán, bíi mẹ́ta ti la àtẹ́lẹwọ́ yín kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni orí, bẹ́ẹ̀ náà ni àyà."

Ṣàkírátù fa ọwọ́ rẹ̀ yọ bí ẹni tí iná jó. Ó dì í mọ́ àyà, ó sì rántí pé Leah ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ àyà ni. Kò wá mọ ibi tí yóò gbé ọwọ́ sí mọ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ lábẹ́ páànù, obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ó ń gbọ́ ohun tó ti ń la ara rẹ̀ kọjá láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ Àṣàbí ló kọ́kọ́ béèrè. Ó ní ọmọ òun wà nílé pẹ̀lú oyún, ṣé nǹkan wọ̀nyí ń dé ọ̀dọ̀ ọlẹ̀ inú rẹ̀. Leah kò purọ́ fún un. Ó ní ó ń dé ibẹ̀. Ó ní ẹnu iṣẹ́ yìí ni òun wà tí òun fi lóyún ọmọ méjì tí òun sì bí wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, àti pé kí ẹnikẹ́ni tó tẹ Oǹdó dó ló ti ń rọ̀ báyìí, kò sì sí ènìyàn kan tí a bí níbi tí kò ti ń rọ̀. Ṣàkírátù gbà, ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ kò tètè sọ̀.

Ó ní kí wọ́n gbé àpò èkejì wá. Akínyẹmí yára sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́, pé òun á fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Leah ní kí ó ṣí i nísinsìnyí. Akínyẹmí pa iná tó ń mú ìgò náà ṣiṣẹ́, nítorí bí ìgò náà bá rí oòrùn nígbà tí iná wà lára rẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ó bọ́ àpò náà, ó gbé e lé Ṣàkírátù lọ́wọ́.

Ìka Ṣàkírátù ti mọ̀ kí ojú rẹ̀ tó mọ̀. Aṣọ náà fúyẹ́. Kò sí àrán nínú rẹ̀. Òwú rẹ̀ gbẹ, ojú rírán rẹ̀ sì gùn gbọọrọ bíi ti àpò ìrẹsì.

"Dókítà," ó ní, "èyí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ mi."

Leah rọra dá a lóhùn pé òun fúnra òun ló gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ṣàkírátù kò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n pa iná ti àpótí àkọ́kọ́ náà, kí wọ́n bọ́ àpò rẹ̀. Ó mú Leah jáde sínú oòrùn, ó fi àpò àkọ́kọ́ bò ó lórí, ó fi ọwọ́ méjèèjì pa ẹnu àpò náà dé mọ́ ọn lọ́rùn, ó sì ní kí ó dúró díẹ̀. Ó bi í léèrè ohun tó rí. Leah ní òun kò rí nǹkan kan. Ṣàkírátù yọ ọ́, ó fi èkejì bò ó.

Leah yí orí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì nínú àpò náà.

"Ìràwọ̀ ni," ni ohùn rẹ̀ sọ láti inú aṣọ náà. "Ìràwọ̀ ló kún ibí yìí."

Nígbà tí ó yọ orí jáde, Akínyẹmí ni ó wò. Akínyẹmí ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó ń fi èdè Oǹdó sọ̀rọ̀ wàràwàrà débi pé Ṣàkírátù kò gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n ìdajì náà tó. Nígbà ìsinmi Kérésìmesì ni eku wọ inú àpótí tí wọ́n ní kí ó kan ìdérí rẹ̀ pa, tí kò sì kàn án. Eku jẹ àpò náà ní àjẹkù. Ẹ̀rù bà á fún iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú àkísà náà tọ aránṣọ kan lọ lọ́jà, ó ní kí ó rán irú rẹ̀, wákàtí kan kò sì pé tí onítọ̀hún fi rán an tán. Nígbà tí iye tí ẹ̀rọ ń kà bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, tí Leah sì ń dá aránṣọ Àkúrẹ́ lẹ́bi, ó pa ẹnu mọ́. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko.

Leah jókòó sórí sìmẹ́ńtì nínú oòrùn. Ó ní òun ti sọ fún ọ̀gá ẹ̀ka pé iṣẹ́ aránṣọ náà kò dára, òun sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ẹni méjì nílẹ̀ òkèèrè tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́. "Akínyẹmí," ó ní, "o jókòó tì mí tí mo ń bu ìyá yìí kù, o sì ń bá mi mi orí."

Ṣàkírátù sọ fún mi pé gbogbo ọ̀nà Ọ̀wẹ̀nà ni òun ti ń to ohun tí òun máa sọ fún ẹni tó bá ba òun jẹ́. Nígbà tí ẹni náà wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ló rí.

"Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Akínyẹmí dojú bolẹ̀. "Kò sí, Màmá. Èmi kò mọ̀ yín rí ni."

Ìdáhùn yẹn ló bà á lẹ́rù jù. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè ní ìdí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ti ba iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún jẹ́ fún un láìní ìkà kankan nínú.

Ṣàkírátù fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó jókòó lábẹ́ páànù, ó yọ aṣọ àti òwú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ rán àpò mìíràn. Nígbà tí àsìkò alásárì tó, ó kírun ní ẹ̀gbẹ́ ilé náà, ó padà sídìí abẹ́rẹ́. Kí oòrùn tó tutù, ó ti parí. Leah fúnra rẹ̀ ló wọ̀ ọ́ fún ìgò náà. Wọ́n tan iná, wọ́n kà á. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ó lé mọ́kànlá.

Leah béèrè ohun tí òun lè fi tù ú nínú. Ṣàkírátù ní kí ó tún lẹ́tà kọ sí gbogbo ẹni tó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́, kí ó sì kọ orúkọ òun síbẹ̀. Leah ṣèlérí. Bí Ṣàkírátù ṣe ń di báàgì rẹ̀, ó béèrè bóyá àwọn tó wà nínú ilẹ̀ ní tiwọn dákẹ́ jẹ́ẹ́. Leah yí sípíkà sí ti inú ilẹ̀.

Tà. Tà-tà. Tà.

Ó falẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́. Ṣàkírátù wo òkìtì ilẹ̀ pupa tí koríko ti hù lé lórí. Ó béèrè bí ihò náà ṣe jìn tó. Leah ní ẹsẹ̀ bàtà méje ààbọ̀.

"Ó jìn ju sàréè lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà náà, ó ń la àwọn òkú wa kọjá."

Leah ti ń ṣe iṣẹ́ náà fún ọdún mọ́kànlá. Ṣàkírátù rí i lójú rẹ̀ pé kò rò ó débẹ̀ rí. "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá," ni ó wí nígbà tó yá. Ó sìn ín dé ibi tí ọ̀kadà wà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, lẹ́yìn ìrun, ó lọ sí itẹ́ òkú àwọn mùsùlùmí. Ewúrẹ́ ń jẹko láàárín àwọn sàréè. Ó dúró ti sàréè Àdìsá, ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún lé ìmọ́lẹ̀ jáde nínú yàrá. Gbogbo àdúrà tó máa ń gbà níbẹ̀ ló gbà, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibi tó máa ń sọ pé kí Ọlọ́run fi í sí ìsinmi níbi tí ohunkóhun kò ti ní í yọ ọ́ lẹ́nu, ó dúró. Kò mọ bí ó ṣe yẹ kí òun sọ ọ́ mọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó sì rọra lọ sílé.

Leah mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ó wá sí Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀, ó ka lẹ́tà náà ní Yorùbá fún un nínú ṣọ́ọ̀bù, níwájú Oyèlékè. Wọ́n mú Akínyẹmí kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ibi ìkówèésí. Ṣàkírátù kò bá a bẹ̀bẹ̀, kò sì sọ pé kí wọ́n lé e. Nígbà tí mo bi í bóyá ó ti dárí jì í, ó ní òun ń gbìyànjú. Àwọn tó sọ ọ̀rọ̀ múọ́nù fún lọ́jà kò gbà á gbọ́. Tíṣà kan ará Ìkàrẹ́ tó mú ọmọ rẹ̀ wá rán yunifọ́ọ̀mù ní wọ́n ti tan ìyá àgbà jẹ. Kò bá a fà á. Ó wọn èjìká ọmọ náà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù karùn-ún, Àṣàbí bí obìnrin, àlàáfíà ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù keje, nígbà tí òjò ti dáwọ́ dúró, fóònù rẹ̀ dún. Leah ni. Ohùn rẹ̀ ga débi pé Ṣàkírátù kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan kú. Leah ní gbogbo àpótí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dún lẹ́ẹ̀kan náà, ti orí ilẹ̀ àti ti inú ilẹ̀. Ó ní ohun tó dé inú ilẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀rọ kò rí i kà tán. Irú ọ̀wààrà bẹ́ẹ̀ kò wá bá wọn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣàkírátù béèrè bóyá ó dé Àkúrẹ́.

"Rárá, Màmá, kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Oǹdó nìkan ni. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ á ti máa rọ̀ lọ́dọ̀ tiyín náà. Kò kàn sí ẹni tó ń kà á ni."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù sílẹ̀. Lójú títì, àwọn ènìyàn ń ná tòmátò, kẹ̀kẹ́ kan ń fọn fèrè, obìnrin kan ń di ọmọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tó wo òkè nínú wọn. Ṣàkírátù fi ẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó tẹ̀ ẹ́.